Netty Tí Wọ́n Sọ Di Hetty

Ní Deptford, létí odò Thames, níbi tí òórùn ọ̀dà àti ti ẹja ti máa ń wọ inú aṣọ tí wọ́n bá sá síta, wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí ilé Ambrose, wọ́n sì sọ ọ́ ní Netty. Kì í ṣe ìnagijẹ, kì í sì í ṣe pé wọ́n gé orúkọ mìíràn kúrú. Netty gan-an ni wọ́n kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn, ìyá àgbà náà sì kú nígbà tí oyún ọmọ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Selina Ambrose, ìyá rẹ̀, kì í pe orúkọ náà bí ẹní ń pe ọmọdé. Bí ẹní ń kí àgbàlagbà ló máa ń pè é.

Ilé aláwàdà ni ilé wọn. Baba Netty ti ṣe sójà kó tó di ẹni tó ń já ẹrù lébùúté, kò sì sí ìgbà kan tó sọ ọ́ lẹ́nu pé òun fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. "Mò ń lọ sí kazi," ni yóò wí, yóò sì ká ìwé ìròyìn sí abíyá. Ìyá baba rẹ̀ tó ń gbé yàrá òkè á ní òun ń rìnrìn àjò lọ sí Jẹ́ríkò, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí tíì òun tutù. Selina ní tirẹ̀ á ní òun fẹ́ lọ kí Misis Jones. Nígbà tí Netty wà ní kékeré, ó gbà pé Misis Jones kan wà lóòótọ́, pé ilé pákó tó wà lẹ́yìnkùlé ló ń gbé, pé ńṣe ló máa ń sá pamọ́ bí ènìyàn bá ti ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tó béèrè ibi tí obìnrin náà ń sùn sí, baba rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń pe ibẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ọmọ mi," ó wí fún un. "Orúkọ ẹlòmíì la máa ń yá fún un. Láyé àwọn baba ńlá wa, jakes ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ara orúkọ Jack ni wọ́n ti fà á yọ. Jack wo? Èmi ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣẹ ẹnì kan."

Netty bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé Misis Jones kan lè wà níbì kan tí ẹ̀rín náà kò pa.

Nígbà tí ogun ńlá àkọ́kọ́ dé, tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ sí Faransé, wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọta ìbọn ní Woolwich. Netty lọ pẹ̀lú Maud, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti pàdé ọkùnrin kan láti òkè àríwá, awakùsà tó ti gbọgbẹ́ lójú ogun, tí wọ́n wá fi ṣọ́ ẹ̀rọ. Cuthbert Raine lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Cuddy ni gbogbo ayé ń pè é. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí àjẹ̀ ìtukọ̀, bó bá sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí orin. Lọ́jọ́ tí Netty sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un, ó bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tún yí i padà sí ikọ́.

"Kí ló dé?" Netty bi í.

"Èéfín ni," Cuddy dáhùn. "Orúkọ tó dáa ni. Orúkọ tó dáa gan-an ni."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ìgbà tí wọ́n fi ń fẹ́ra wọn sọ́nà títí wọ́n fi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Ìgbà púpọ̀ ni Netty jókòó lẹ́yìn náà tó ń ṣírò bí àyè tí ọkùnrin náà ní láti sọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó: ní etí odò, nínú ọkọ̀ ojú omi, lórí àga ìyẹ̀wù ìyá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja dídín nínú bébà. Ó láyè tó pọ̀.

Ogun parí. Wọ́n kọ̀wé pe Cuddy padà sí kòtò èédú ní Ravenlaw, abúlé rẹ̀ ní òkè àríwá, lápá gúúsù odò Tyne. Inú rélùwéè ni wọ́n wà, ọ̀nà ti jìn, nígbà tí Cuddy kọ́kọ́ pè é ní Hetty. "Hetty, gbé búrẹ́dì yẹn fún mi." Netty rò pé ẹnu rẹ̀ ló ṣì í. Ó tún pè é bẹ́ẹ̀. Netty wò ó. Ọkùnrin náà kọjú sí fèrèsé, ó ń wo àwọn àgùntàn.

Ìyá Cuddy ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Dorcas Raine ni, opó ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń fọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní àfọ̀túnfọ̀ bí ẹni pé ọba ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́. Tamar, àbúrò Cuddy, dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ti ń yọjú ní ilẹ̀kùn tiwọn.

"Màmá, ìyàwó mi rèé," ni Cuddy wí. "Hetty."

"Ẹ kú ilé, Mà," Netty fi ẹ̀rín sí i. "Cuddy ń ṣàwàdà ni. Netty lorúkọ mi."

Tamar fọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin kan ní ilé kejì ní, "Kí ló wí?" Ẹlòmíì dá a lóhùn, "Ó ní Netty lòun ń jẹ́!" Ni gbogbo ojúlé bá bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin kan dì mọ́ ògiri kó má baà ṣubú. Netty náà ń rẹ́rìn-ín, bí àlejò ṣe máa ń bá onílé rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín.

Dorcas nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "O mọ̀," ó wí. "O mọ̀, o sì mú un wá bá mi bẹ́ẹ̀."

Tamar ló di ọwọ́ Netty mú, tó fà á gba inú ilé jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀, eérú ti bo ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́bàá rẹ̀ ni wọ́n to àwọn ilé bíríkì kéékèèké sí, ìkọ̀ọ̀kan fún ojúlé kan, tí ilẹ̀kùn wọn kò kanlẹ̀ tí kò sì kan òkè, tí wọ́n ṣe ihò sí ẹ̀yìn wọn kí àwọn agbépòó lè máa fi ṣọ́bìrì kó ohun tó wà nínú rẹ̀. Tamar nàka sí ti ilé wọn.

"Ìyẹn ni netty," ó wí. "Orúkọ tí a ń pè é nìyẹn. Gbogbo wa. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé." Ó wo ojú ìyàwó, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu tirẹ̀ náà. "Ṣé kò sọ fún ẹ ni?"

"Kò sọ fún mi," Netty dáhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Dorcas gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀wà gígún sí i, ó sì gbé òfin kalẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn nídìí tábìlì òun. Hetty ni ìyàwó, ó parí.

"Orúkọ ìyá ìyá mi ni, Mà," Netty wí.

"Ìyá ìyá ẹ ò gbé ibí," Dorcas dá a lóhùn. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó tiẹ̀ fi ẹran kún un fún un.

Netty kò gbà. Fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n bá pè é ní Hetty, kò ní dáhùn. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á sọ ọ́ ketekete, á sì gbójú sókè. Ohun tó rí níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ á gbé lẹ́tà Maud sókè kí gbogbo èrò lè rí i, á ní, "Ẹ wò ó, wọ́n ti ń kọ̀wé sí i báyìí!" Àwọn ọkùnrin tó ń ti kòtò èédú bọ̀ á kan ilẹ̀kùn ilé Raine, wọ́n á ní, "Cuddy, ṣé netty ẹ ṣí sílẹ̀?" Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á béèrè bóyá ó ń jò. Àwọn obìnrin ò sọ ọ́ sí i lójú, àmọ́ bó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á dáwọ́ dúró, ètè wọn á sì máa mì. Bí ọmọ kékeré pàápàá bá ń kọjá, á pa àwàdà kan náà, wọ́n ti kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó dùn ún jù ni pé ní Ravenlaw yìí kan náà, Cuddy ni wọ́n ń pe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Cuddy ni ẹran tó ń fa kẹ̀kẹ́ eérú. Cuddy ni èyí tó ń ṣu sí ojú ọ̀nà. Cuthbert mẹ́rin ló wà ní àdúgbò wọn nìkan, gbogbo wọn ló sì ń jẹ́ Cuddy, tí wọ́n ń dáhùn, tí wọ́n ń yan. Kò sẹ́ni tó mú èyíkéyìí nínú wọn wọ rélùwéè kó tó yí orúkọ rẹ̀ padà lójú ọ̀nà.

Ó sọ èyí fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ìyẹn yàtọ̀," Cuddy wí.

"Yàtọ̀ báwo?"

Cuddy ronú. Kì í ṣe òmùgọ̀. "Àtilẹ̀wá wa ni," ó wí nígbẹ̀yìn.

Netty bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, bí ẹni tí wọ́n jà lólè ṣe máa ń béèrè irú aṣọ tí olè wọ̀. Ó bi Dorcas. Dorcas ní ara need, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àìní, ni wọ́n ti mú un, nítorí pé ẹni tó bá nílò rẹ̀ ló ń lọ. Ó bi àlùfáà ilé ìjọsìn wọn. Àlùfáà pọ́n létí, ó ní òun rò pé àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ máa ń pè é ní ilé kò-ṣeé-má-nìí, ìyẹn necessary lédè wọn, pé bóyá àwọn tálákà ló gé e kù bẹ́ẹ̀. Ó bi Ralph Teasdale, awakùsà àgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó máa ń jókòó sí ìdí ògiri láti yáàrùn. Ralph búra pé àwọn ará Ítálì kan wá ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀ rí, wọ́n sì kọ gabinetti, ìyẹn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lédè wọn, sára ilẹ̀kùn tiwọn, ọ̀dà kúrò lára ìdajì rẹ̀, ìyókù ni wọ́n ń kà.

"Ṣé ẹ rí ilẹ̀kùn náà, Bàbá?" Netty bi í.

"Èmi kọ́. Ẹnì kan tó mọ ẹnì kan ló rí i."

"Ṣé kò wá láti ara orúkọ obìnrin kankan?"

Ọkùnrin arúgbó náà yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. Òun nìkan ni kì í fi í ṣẹ̀fẹ̀ ní gbogbo abúlé. "Rárá o, ọmọ mi," ó wí. "Kò ní í ṣe pẹ̀lú yín rárá. Ó kàn jọ ọ́ ni."

Bóyá ìyẹn ló burú jù. Ká ní obìnrin búburú kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọrí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti gbẹ̀san, Netty ì bá ní ẹni tó máa bínú sí. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ méjì pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n jọra, ó tán.

Ó lóyún, ó sì bí obìnrin. Ìyá rẹ̀ ti ń ṣàìsàn ní Deptford nígbà náà. Selina kọ lẹ́tà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi orúkọ ìyá òun sọ ọmọ náà, ì báà jẹ́ ìkejì, ì báà jẹ́ ìkẹta, kó ṣáà wà nínú ìwé. Netty bá Cuddy sọ ọ́. Ó ní ìkẹta ni, ẹnikẹ́ni kò ní í pè é. Cuddy ní kò burú. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń jó pẹ̀lú rẹ̀ kiri ilé ìdáná. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà kò ní lè kórìíra rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsàmì, nígbà tí àlùfáà béèrè orúkọ, Netty lanu: "Dorcas Selina…" Kó tó mí, Cuddy ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Dorcas Selina ni. Ó tán." Ohùn rẹ̀ dún dé ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Àlùfáà wo Netty, ó wo Cuddy, ó wo ìyá àgbà tó jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà dúdú, ó sì ti ọwọ́ bọ omi.

Nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sílé, Netty ní, "O ṣèlérí fún mi."

"Ojú gbogbo ènìyàn wà lára mi," Cuddy wí. "Mi ò lè ṣe é. Wọ́n ì bá fi ọmọ náà ṣẹ̀sín títí á fi kú. Ṣé ohun tóo fẹ́ fún un nìyẹn?"

Selina kú láìpẹ́ sígbà náà. Netty kò sọ fún un pé orúkọ náà kò wọlé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kọ̀wé sí Maud pé láti ìsinsìnyí lọ, kó máa kọ Hetty sí ẹ̀yìn lẹ́tà, nítorí akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí wọ́n bá sì pè é ní Hetty, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Dorcas àgbà yìn ín. Ó ní ó ti ń gbọ́n.

Ọdún ń gorí ọdún. Àkókò burúkú dé, kòtò èédú tì, àwọn ọkùnrin ń dúró ní ìkóríta láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí wọ́n má baà ya wèrè, àwọn aláàánú ìlú máa ń ké sí àwọn tíṣà láti Durham wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn àwọn awakùsà: nípa ìràwọ̀, nípa oyin sísìn, nípa Íjíbítì. Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Lisle wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn orúkọ àtijọ́ tí àwọn ará Ìlú Ọba ń fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Netty kò fẹ́ lọ, àmọ́ Cuddy ní bí kò bá lọ, ìyẹn gan-an ni wọ́n máa sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn, kò ṣeé jiyàn. Lisle ní nígbà kan rí, gong ni wọ́n ń pè é, àwọn agbépòó ìgbà náà sì ń jẹ́ àgbẹ̀ gong, bí ẹni pé àwọn ló gbìn ín. Ó ní àwọn ọlọ́lá máa ń sọ pé àwọn ń lọ sí ilé iṣẹ́, bí ẹni pé ìwé ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí. Ó mẹ́nu kan jakes, ó ní Jack ni orúkọ tí wọ́n máa ń pe ọkùnrin yòówù tí wọn ò bá mọ orúkọ rẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí gbogbo Jack ń lọ ló túmọ̀ sí. Àwọn ènìyàn tí wọn ò tíì rẹ́rìn-ín láti oṣù wọ oṣù ń di ikùn mú. Ó wá kan netty. Ó ka àwọn ìtàn tí Netty ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Cuddy bá dìde. Ebi ti gbẹ ẹ́, kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó fetí sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Netty rí i lójú rẹ̀ kó tó lanu.

"Tíṣà," ó wí, "èmi mọ̀ ju ìyẹn lọ. Láti London ló ti wá. Èmi ni mo gbé e nínú rélùwéè. Mo ti fẹ́ ẹ níyàwó láti ọjọ́ yìí!"

Gbọ̀ngàn náà mì. Wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Wọ́n ń gbá Cuddy lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún.

Netty dìde. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Netty lorúkọ mi, mo sì fẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ́kọ. Ẹ̀yin Cuddy tó wà níbí, ẹ dìde kí tíṣà rí yín. Kí ló dé tí ẹ ò rẹ́rìn-ín? Ta ló sọ Cuthbert yín di Hubert, bí wọ́n ṣe sọ Netty di Hetty?"

Wọ́n dákẹ́. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó rò pé wọ́n gbọ́ òun. Ni ohùn kan bá wá láti ẹ̀yìn: "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tiẹ̀ wúlò. Wọn kì í ṣu lé e lórí!" Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ kọjá ti àkọ́kọ́. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó sì tètè fi áńkáṣíìfù bo ẹnu.

Lọ́jọ́ kejì, Netty di ẹrù rẹ̀. Dorcas ọmọ rẹ̀ ti ń di ọ̀dọ́ nígbà náà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Wọ bàtà ẹ," Netty wí. "À ń lọ sí Deptford."

"Mi ò lọ, Màmá."

"Kí ló fà á?"

"Ọ̀rẹ́ mi wà níbí. Ìyá àgbà wà níbí." Ọmọ náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kí ló dé tí ẹ dìde? Wọ́n ti fẹ́ gbàgbé! Ní báyìí, ọmọ netty ni wọ́n tún ń pè mí. Bí ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ ni, Bàbá nìkan ni wọn ì bá fi rẹ́rìn-ín."

Netty dá lọ. Maud gbà á tayọ̀tayọ̀, ó ti fi iná sí yàrá fún un, ó di mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà. "Hetty mi," ó wí, "Hetty mi, o ti rù o."

"Kí lo pè mí?"

Maud tú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. "Kí ni mo pè ẹ́? Hetty ni. Ṣebí ohun tí mo ń kọ láti ọdún yìí wá nìyẹn? Ìwọ lo ní kí n máa kọ ọ́." Ó gbìyànjú láti pè é ní Netty lẹ́yìn náà, àmọ́ ó máa ń dúró kó tó pè é, bí ẹni tó ń rántí ọ̀rọ̀ èdè àjèjì. Àwọn ọmọ Maud ń pè é ní Àǹtí Hetty. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kékeré ti kó lọ, tàbí wọ́n ti kú. Netty tí ó torí rẹ̀ padà sí Deptford kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ó tún fi wọ rélùwéè padà.

Cuddy wà ní ilé ìdáná nígbà tó wọlé. Ó wò ó, ó wo àpótí rẹ̀. "Tíì wà nínú ìkòkò," ó wí. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n sọ lórí rẹ̀ láé.

Dorcas àgbà kú. Ogun kejì dé, ó lọ. Dorcas ọmọ lọ́kọ, ó kó lọ sí Gateshead. Nígbà tó yá, kánsù wó àwọn ilé bíríkì ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi sínú ilé fún àwọn ènìyàn, funfun báláú, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń fà. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní lav bíi ti àwọn ará gúúsù. Àwọn àgbà nìkan ló ṣì ń sọ netty, Cuddy sì wà lára wọn.

Eruku èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ọdún tó kẹ́yìn, kò lè gun òkè ilé mọ́, wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ wá sísàlẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Netty ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún un: fífọ̀, yíyí padà, póò gbígbé. Kò ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, kò sì ṣe é tìkatìka. Ó ń ṣe é ni. Cuddy kò ní èémí tó láti fi ṣàwàdà mọ́. Bó bá fẹ́ nǹkan, á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Omi." "Fèrèsé." "Netty," bó bá fẹ́ póò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn wà níta, Netty ń bó ọ̀dùnkún. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Netty."

Ó nu ọwọ́, ó lọ mú póò wá, ó ká aṣọ ibora kúrò. Cuddy mi orí. Ó fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ nì, tó ti gbẹ ku eegun, di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Netty," ó tún wí.

"Mo ti gbé e wá. Òun rèé. Jẹ́ kí n gbé ẹ dìde."

Ó tún mi orí, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó lanu bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé, èémí sì kọ̀. Netty dúró pẹ̀lú póò lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa yé e pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ń pè, ojú Cuddy ti yí sí fèrèsé, àyà rẹ̀ kò sì lọ sókè mọ́.

Ó ronú sí ọ̀tún, ó ronú sí òsì. Bó bá jẹ́ òun ló pè, láti Woolwich ni kò ti pe òun bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ póò ló fẹ́, ó jẹ́ pé bí ó ti gbé ayé ló ṣe kú. Kò sí ẹni tó lè bi. Lẹ́yìn náà ló gbé póò náà jáde, ó fọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Dorcas dé láti Gateshead ní ìrọ̀lẹ́. Ó sunkún, ó pa iná tí ọ̀dùnkún wà lórí rẹ̀, ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé Bàbá sọ nǹkan kan kí wọ́n tó lọ?"

Netty wo ọmọbìnrin tó ń jẹ́ orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó tiẹ̀ lanu. Ó wá rí ẹ̀rín kan, tó kéré púpọ̀, tó ti lúgọ sí igun ẹnu Dorcas kí òun tó sọ nǹkan kan rárá. Tàbí ó rò pé ó rí i.

"Kò sọ nǹkan kan," ó wí. "Bá mi ká àwọn aṣọ yìí."